Òfin tó ní kí ọmọ tálákà lọ wá oníduuro: bí ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà

Ọjọ́ 12 oṣù Òkúdu 2023, tí gbogbo Nàìjíríà ń ṣe àyájọ́ ìjọba àwa-ara-wa, ni Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló tíì lò lórí àlééfà. Femi Gbajabiamila ló gbé àbá òfin náà kalẹ̀ nígbà tó wà nípò olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin, kí Ààrẹ tó yàn án ní olórí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀. Adùn ni ìròyìn náà fi dé etí àwọn òbí: ìjọba máa yá ọmọ yín lówó ilé-ìwé, kò ní gba èlé kankan lórí ẹ̀, ọmọ náà ò sì ní dá kọ́bọ̀ padà títí yóò fi ṣe agùnbánirọ̀ tán, tí ọdún méjì á tún gorí ẹ̀. Níbi iṣẹ́ tó bá rí ni wọ́n á ti máa yọ ìdámẹ́wàá nínú owó oṣù rẹ̀.

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo tó rí kọ́bọ̀ gbà lábẹ́ òfin yẹn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 3 oṣù Igbe 2024, Ààrẹ kan náà ti fọwọ́ sí òmíràn tó pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín òfin méjèèjì, nǹkan bí oṣù mẹ́wàá, àti ohun tó tẹ̀lé e, ni mo fẹ́ tú palẹ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àìsí owó ló dá a dúró. Lóòótọ́, owó wà lára ẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, fọ́ọ̀mù ló pa òfin yẹn. Àwọn tó kọ ọ́ fẹ́ kí owó náà dé ọwọ́ ọmọ tálákà nìkan, ni wọ́n bá ka àwọn ohun tí tálákà kò ní sílẹ̀ pé kó kó wọn wá kó tó gbà á.

Ẹ rántí bí ìlú ṣe rí lásìkò náà. Owó epo bẹntiróòlù ti fò sókè láti ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ, tó ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Náírà ń já wálẹ̀. Ní oṣù Agẹmọ, oṣù kan péré lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí òfin yìí, Yunifásítì Èkó, UNILAG, kéde iye tuntun: akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí ì bá san N19,000 di ẹni tó máa san N126,325. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yarí, ilé-ìwé sì dín díẹ̀ kù nínú ẹ̀, àmọ́ iye náà ò padà síbi tó wà mọ́. Kì í ṣe UNILAG nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀. Òbí tó ti ń fi àjọ ṣíṣà gbọ́ bùkátà ọmọ méjì nílé-ìwé gíga wá rí i pé àjọ ọ̀hún ò ká ti ẹnì kan mọ́.

Àwọn àgbà nílẹ̀ Yorùbá kì í sì í gbọ́ ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé kí wọ́n má dárúkọ Awólọ́wọ̀. Ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, UPN, wọlé ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ní 1979, Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ máa jẹ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìpínlẹ̀ Èkó yìí kan náà ló wá sọ owó yunifásítì rẹ̀, LASU, di ohun tó ju N190,000 lọ ní 2011, tó fi tó ìlọ́po méje àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sí N25,000 tí wọ́n ń san. Ó di ọdún 2014, lẹ́yìn ìwọ́de àti ariwo, kó tó padà sí N25,000. Láàárín àwọn ọdún yẹn, àwọn ọmọ kan ti kọjá ọjọ́ orí ilé-ìwé, àwọn kan ti lọ kọ́ṣẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yíyá owó fi ń ro àwọn kan létí. Wọ́n ti mọ ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni ò ní kí wọ́n yá nǹkan kan.

Ẹ̀yáwó fúnra rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ìjọba ológun Gowon dá àjọ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, Nigerian Students Loans Board, sílẹ̀ ní 1972. Àwọn tó yá owó náà kàwé, wọ́n ríṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ò sì bojú wẹ̀yìn wá san án. Ní 1993, wọ́n yí i padà sí báńkì ẹ̀kọ́, Nigerian Education Bank, ìyẹn náà ò rìn jìnnà. Ojú tí wọ́n fi rí nǹkan nígbà yẹn ló wà lẹ́yìn òfin 2023. Ẹni tí wọ́n ti jẹ ní gbèsè rí, bó bá tún fẹ́ yáni lówó, ohun ìdúró ló kọ́kọ́ máa bèèrè. Ẹ̀rù pé àwọn ọmọ yìí náà ò ní san án padà ló kọ púpọ̀ nínú òfin ọ̀hún, kì í ṣe àánú tí wọ́n fi kéde rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣí i wò.

Ohun àkọ́kọ́ ni iye tó ń wọlé fún ìdílé. Òfin ní ẹni tó bá fẹ́ yá owó náà, owó tó ń wọlé fún òun tàbí fún ìdílé rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó N500,000 lọ́dún. Ẹ mú ìdílé kan: bàbá ń ṣe ọdẹ nílé-ìwé girama ìjọba, ìyá ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin nígbà náà ni N30,000. Bàbá gba N360,000 lọ́dún, ìyá gba N360,000. Àpapọ̀ ẹ̀ N720,000. Olówó nìyẹn lójú òfin, wọn ò lè yá ọmọ wọn ní kọ́bọ̀. Ọlọ́dẹ àti agbálẹ̀! Nígbà tí owó oṣù tó kéré jù lọ wá di N70,000 ní oṣù Agẹmọ 2024, ká ní òfin àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀ ni, ẹyọ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń gba owó tó kéré jù yìí ti máa ń gba N840,000 lọ́dún, òun nìkan á sì ti ju ìlà náà lọ. Ìlà tí wọ́n fi nọ́ńbà fà sínú òfin, tí wọn ò so mọ́ ohunkóhun, bí owó ìlú bá ṣe ń yẹpẹrẹ bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ti àwọn èèyàn síta.

Ẹni tí kò gba owó oṣù wá ńkọ́? Ìyá tó ń din àkàrà lẹ́bàá títì, bàbá tó ń gun ọ̀kadà, ta ni yóò kọ ìwé fún wọn pé iye báyìí ni wọ́n ń pa lọ́dún? Ìyá alákàrà mọ iye ẹ̀wà tó rà láàárọ̀ àti iye tó kù nínú àpò ìdí rẹ̀ lálẹ́. Bí wọ́n bá bi í léèrè ti ọdún, á kàn wò yín ni. Tálákà tí òfin ń wá kiri gan-an ni kò ní ìwé tó máa fi jẹ́rìí pé tálákà lòun.

Lẹ́yìn ìyẹn ni oníduuro kàn. Ó kéré tán, méjì. Kì í sì í ṣe oníduuro ẹ̀bá ilé o. Òfin to àwọn tó lè ṣe é lẹ́sẹẹsẹ: òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti wà ní ipele 12 ó kéré tán, tàbí lọ́yà tó ti lo ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bíi lọ́yà, tàbí ẹni tó wà nípò ìdájọ́, tàbí ẹni tí ìjọba fi joyè alálàáfíà, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí JP.

Kí ipele 12 má dà bí ohun tó wà nílẹ̀ lásán. Ẹni tó bá jáde yunifásítì, ipele 8 ló ń bá wọ iṣẹ́ ìjọba. Ó máa lo ọdún mẹ́ta kó tó lè gun ipele kan. Kò sí ipele 11, láti 10 ni wọ́n ti ń fò bọ́ sí 12. Tí ìgbéga ò bá falẹ̀ rárá (ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí á ti máa rẹ́rìn-ín), ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Ọmọ ọlọ́dẹ wa yìí ní láti wá méjì nínú irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ọmọ adájọ́ ò ní jáde nílé kó tó rí ọ̀kan, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ tó bá wá kí wọn lọ́jọ́ Àìkú á sì jẹ́ ìkejì. Àmọ́ ọmọ adájọ́ ò nílò owó náà.

Mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ wo ohun tí wọ́n ń ní kí oníduuro yìí dúró fún. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé máa lo ọdún mẹ́rin nílé-ìwé, bí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ò bá daṣẹ́ sílẹ̀. Ó máa fi ọdún kan ṣe agùnbánirọ̀. Ọdún méjì á tún kọjá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìdámẹ́wàá. Ọdún méje gbáko ni oníduuro á ti fi orúkọ sílẹ̀ fún gbèsè tí sísan rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe oníduuro rí lórí owó àjọ oṣù mẹ́ta, tí wọ́n wá ń kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ní ìdájí, kò ní fọwọ́ sí ìwé yẹn fún ọmọ ẹlòmíràn. Mi ò lè bá a wí.

Nítorí náà, ìyá ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú rere kiri. Á lọ bá pásítọ̀ tàbí àfáà pé kí wọ́n bá òun bẹ ọ̀gá kan nínú ìjọ. Á lọ jókòó nílé káńsẹ́lọ̀. Á bá ẹni tó ti bá ṣiṣẹ́ ilé rí sọ̀rọ̀, á kúnlẹ̀, á ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ yín náà ni.” Àwọn kan á rí i ṣe, a kì í dágbére fún oore láyé. Àmọ́ ohun tó yẹ kó jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ náà ti di oore tí wọ́n ṣe fún ìyá rẹ̀, tó máa fi gbogbo ọjọ́ ayé dúpẹ́ ẹ̀. Níbi tí oore bá sì ti gba ipò ẹ̀tọ́, ẹni tó mọ èèyàn ló ń rí i gbà, kì í ṣe ẹni tó kù díẹ̀ káàtó fún jù.

Àwọn yòókù kò gba kí n pẹ́ lórí wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n burú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí òbí rẹ̀ bá ti yá owó kan rí tí kò san án, òfin ní wọn kò gbọdọ̀ yá a. Ẹ ronú sí iye àwọn ìyá wa nínú ọjà tó ń sá fún àwọn elówó gbọ́mú-lé-lántà. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn á wá sọ̀kalẹ̀ sórí ọmọ. Ẹni tó bá yá owó tí kò san án lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì jura, tàbí kó san N500,000, tàbí méjèèjì. Ìwé ìbéèrè gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ ọ̀gá ilé-ìwé kọjá, kó gba báńkì, kó tó dé iwájú ìgbìmọ̀ tí gómìnà báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ yìí, CBN, jẹ́ alága fún, bíi pé kò sí iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ náírà.

Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Owó ẹ̀kọ́ gan-an, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà torí kíkọ́ni ní kíláàsì, ni òfin ní àwọn máa yá ọmọ. Bẹ́ẹ̀, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ò gba owó yẹn lọ́wọ́ ọmọ tó ń kàwé gboyè àkọ́kọ́. Ọ̀fẹ́ ni, lórí ìwé. Ohun tí wọ́n ń gbà ni owó ìgbaniwọlé, owó ìforúkọsílẹ̀, owó ìdánwò, owó ilé ìwòsàn, owó ilé ìkàwé, owó íntánẹ́ẹ̀tì, owó ibùsùn. Inú àwọn wọ̀nyẹn ni N126,325 ti wá. Tí wọ́n bá tẹ̀lé òfin náà gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ UNILAG á kó ipele 12 méjì wá, á fi ẹ̀rí àìní hàn, á gba ọwọ́ CBN kọjá, wọ́n á wá sọ fún un pé kò sí owó ẹ̀kọ́ kankan tó jẹ tí àwọn lè bá a san.

Ìjọba ti kọ́kọ́ sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ lówó náà máa jáde. Kò jáde. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2023, Ààrẹ ní ó di dandan kó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé, ó lọ. Láàárín oṣù Ẹrẹ́nà, Ààrẹ kọ lẹ́tà sílé aṣòfin pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tún un ṣe. Wọn ò fi falẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ó ti di òfin.

Ẹ jẹ́ n gbóríyìn fúnni níbi tó yẹ: èèyàn díẹ̀ nínú ìjọba ló máa ń gbà láàárín ọdún kan péré pé ohun tí àwọn fi kọrin kò dára. Òfin ọjọ́ 3 oṣù Igbe 2024 yọ oníduuro kúrò pátápátá. Ó yọ ìlà N500,000 kúrò. Ó yọ ọ̀rọ̀ gbèsè òbí kúrò. Ó fi kún un pé yàtọ̀ sí owó tí ilé-ìwé ń gbà, wọ́n lè yá ọmọ lówó oúnjẹ àti ìgbọ́bùkátà. Ó gbé iṣẹ́ náà kúrò lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ CBN fún àjọ tó dá dúró, NELFUND, tí Akintunde Sawyerr jẹ́ ọ̀gá àgbà rẹ̀, tí Jim Ovia, ẹni tó dá Zenith Bank sílẹ̀, sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì ríṣẹ́ nígbà tí àkókò ìsanpadà tó, ó lè búra sílé ẹjọ́ pé òun kò níṣẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n sún un síwájú. Tó bá kú, gbèsè náà kú.

Ojú òpó ìforúkọsílẹ̀ ṣí ní ọjọ́ 24 oṣù Èbìbí 2024 fún àwọn ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ ṣí lóṣù tó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ 17 oṣù Agẹmọ, wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní sọ̀wédowó wọn nílé ìjọba l'Ábújá. Owó ilé-ìwé ń lọ tààrà sínú àpò ilé-ìwé, N20,000 ń wọ àpò akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ lóṣooṣù. Kí ọdún 2025 tó parí, owó tó ti jáde ti kọjá N100 bílíọ̀nù, àwọn tó rí i gbà sì ti ju 500,000 lọ. Ẹ fi èyí wé òdo tó wà lábẹ́ òfin àkọ́kọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ò ju ojú ìwé mélòó kan lọ.

Àwọn kan ò tíì gbà síbẹ̀, wọ́n sì ní ìdí. ASUU ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé tí ìjọba bá fẹ́ ran ọmọ tálákà lọ́wọ́ lóòótọ́, kó fún un lówó, kó má yá a. Bí ẹ bá gbé ọmọ ọlọ́dẹ àti ọmọ adájọ́ sí kíláàsì kan náà, kí wọ́n jọ gboyè, kí wọ́n jọ ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan náà, ìdámẹ́wàá owó oṣù ọ̀kan á máa lọ, ti èkejì á pé. Sikọ́láṣíìpù ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn. Èmi fara mọ́ ASUU lórí ohun tó tọ́. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé owó tí ìjọba máa fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ì bá dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọlọ́dẹ lọ́dún 2024, torí bó bá jẹ́ ọ̀fẹ́, àwọn tó mọ èèyàn á ti tò síwájú. Ẹ wo bọ́sárì ìpínlẹ̀. Ìwé ọmọ onílùú láti ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ bèèrè. Ọmọ tí wọ́n bí sí Mushin, tó kàwé ní Mushin, tí bàbá rẹ̀ wá láti Ìwó, Èkó á ní kó lọ gba ti Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun tí kò tẹ̀ rí. Fọ́ọ̀mù NELFUND kò bi í léèrè ẹni tó ń jẹ́ bàbá rẹ̀ kó tó dá a lóhùn. Èyí nìkan, lójú mi, ó tó ohun tí à ń sọ.

Ẹ wá jẹ́ ká wo fọ́ọ̀mù tuntun yìí, torí ìdènà ò tán, ibòmíràn ló ṣí lọ.

Nọ́ńbà JAMB, nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, nọ́ńbà ilé-ìwé, àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, BVN, ni wọ́n ń bèèrè. Kò sí ẹni tí ẹ máa bẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹni tó bá mọ bí àwa Yorùbá ṣe ń jórúkọ á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un lọ sílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n kọ ṣe orúkọ ìdílé. Nígbà tó ṣe NIN, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó mú un lọ ní orúkọ bàbá àgbà ni kí wọ́n kọ. Ibì kan kọ Oluwaseun pọ̀, ibì kan là á sí méjì. Abdulwasiu di Abdul Wasiu. Ọjọ́ ìbí tí wọ́n dín kù torí ìdánwò kọ́mọ̀n ẹ́ńtíráǹsì ṣì wà lórí ìwé kan. Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé ọmọ kan náà ni. Ọmọ tó ní kọ̀ǹpútà nílé, tó ní ẹ̀gbọ́n tó mọ̀ ọ́n lò, á jókòó tún un ṣe. Ọmọ ọlọ́dẹ á lọ sí kafé, oníkafé á bá a kún un, á fi íméèlì tara rẹ̀ sí i torí kó lè yára, ọmọ náà ò sì ní rí lẹ́tà kankan tí NELFUND bá kọ sí i.

Ìdènà kejì wà lọ́wọ́ ilé-ìwé. Àfi tí ilé-ìwé bá kọ́kọ́ fi orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àti iye tí oníkálukú jẹ ránṣẹ́, kò sí ohun tí ọmọ lè ṣe lójú òpó. Àwọn ilé-ìwé kan tètè fi ránṣẹ́, àwọn kan ṣe bí ẹni pé kò kàn wọ́n. Nígbà tí owó bá sì dé, ó lè jẹ́ pé ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú pátákó pé ẹni tí kò bá tíì sanwó kò ní wọ gbọ̀ngàn. Ìyá ọmọ á sáré yá owó, ti gbọ́mú-lé-lántà, kí ọmọ lè ṣe ìdánwò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, owó NELFUND á wọlé sápò ilé-ìwé. Ilé-ìwé ti gba ẹ̀ẹ̀mejì lórí ọmọ kan. Ní 2025, NELFUND fúnra rẹ̀ pariwo pé àwọn ilé-ìwé kan ń gba owó náà, wọn ò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ó ti dé, wọ́n sì tún ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èbìbí ọdún náà, ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, kéde pé àwọn ti ń wádìí bí wọ́n ṣe ń ná owó ẹ̀yáwó ọ̀hún.

N20,000 oṣooṣù náà, ẹ pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́, kò tó N700 lójúmọ́. Ó dára ju òfo lọ, àwọn ọmọ tó ń gbà á á sọ fún yín bẹ́ẹ̀. Kò lè bọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó wà nílé-ìwé gíga aládàáni ò sí nínú rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí kò rí ààyè wọlé níbikíbi, tí wọ́n sì pọ̀ jù nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì tó ń jókòó ṣe ìdánwò JAMB lọ́dọọdún. Ọmọ tó bá sì rí ààyè, owó ìgbaniwọlé ló máa kọ́kọ́ san, nígbà tí kò tíì ní nọ́ńbà ilé-ìwé kankan tó máa fi lọ sójú òpó.

Ibi tí owó náà ti ń wá ò burú. Òfin 2024 ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó orí tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà sọ́tọ̀ fún un, N50 bílíọ̀nù tún wá láti inú owó tí EFCC gbà padà lọ́wọ́ àwọn jàǹdùkú. Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Òkúdu 2025 sì fún ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún owó ìdàgbàsókè tí àwọn ilé-iṣẹ́ máa san. Nítorí náà, ó dà bí ẹni pé á pẹ́ nílẹ̀ ju ti 1972 lọ.

Èyí tó kù ni ìsanpadà. Àwọn tó wà ní ọdún tó gbẹ̀yìn lẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí wọ́n gba owó yìí ní 2024 ló máa kọ́kọ́ kan, wọ́n á sì mọ̀ ọ́n lára láti nǹkan bí ọdún 2028. Ẹni tí ilé-ìwé gba owó ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo iye tí NELFUND san ló máa wà lórí rẹ̀ ní gbèsè, ì báà jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ti san án ṣáájú. Owó tó yẹ kí ilé-ìwé dá padà fún un kò ní yọ ara rẹ̀ kúrò. Nítorí náà, ọmọ tó bá ń gbà á lọ́wọ́lọ́wọ́, kó wọ ojú òpó náà ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, kó tẹ iye tó wà lórí orúkọ rẹ̀ jáde, kó mú rìsíìtì tí ìyá rẹ̀ fi sanwó dání, kó lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí owó nílé-ìwé kó tó gboyè, nígbà tí wọ́n ṣì mọ̀ ọ́n lójú.